Sẹ́ẹ̀lì sólà tí mo fi ìṣápá ṣe: láti 0.2 mA dé 2.9 mA

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n mú omi ìṣápá pupa, irú èyí tí a fi ń ṣe sóbò, kí n sì fi gba iná lára oòrùn. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa gbà mí. Oṣù mẹ́rin ló gbà, pẹ̀lú ọgbọ̀n ègé gíláàsì, àti owó tí mo máa kọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ láì fi kọ́bọ̀ kan pamọ́.

Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ mú 0.2 mA (mílíámpíà, ìwọ̀n kọ́ráǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà) wá lójú oòrùn ọ̀sán. Èyí tó gbẹ̀yìn mú 2.9 mA wá. Ìṣápá kan náà ni mo lò fún méjèèjì, inú àpò kan náà tí mo rà ní Bódìjà ni mo ti bù ú. Àwọn ìpele tó wà lábẹ́ àwọ̀ náà ló yí padà: bí wọ́n ṣe nípọn tó, ohun tí mo pò mọ́ wọn, àti èwo ló ṣáájú èwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dá àwọ̀ lẹ́bi kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹlòmíì má bàa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ ṣòfò.

Bí ó ṣe tò

Tí ẹ bá gé sẹ́ẹ̀lì yìí bí ẹni gé búrẹ́dì, ohun tí ẹ máa rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyí: gíláàsì kan tí ojú rẹ̀ kan ń gbé iná; ìpele funfun tàìténíọ̀mù (titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun tó máa ń wà nínú ọ̀dà ilé); àwọ̀ ìṣápá tó rọ̀ mọ́ hóró funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan; omi áyódíìnì tó rin gbogbo rẹ̀; ìpele èédú; gíláàsì kejì. Ìmọ́lẹ̀ á bá àwọ̀, àwọ̀ á ju ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú tàìténíọ̀mù, ìyẹn á máa ti orí hóró kan bọ́ sórí òmíràn títí á fi dé gíláàsì tí á sì jáde sínú wáyà. Áyódíìnì ló ń dá òmíràn padà fún àwọ̀, èédú ló sì ń dá ti áyódíìnì padà. Kò sí àṣìṣe tí mo ṣe tí kì í ṣe pé ibì kan lójú ọ̀nà yìí ni mo dí.

Brian O'Regan àti Michael Grätzel ló gbé irú sẹ́ẹ̀lì yìí jáde ní Lausanne, ní Switzerland, lọ́dún 1991. Tiwọn sọ ohun tó lé ní ìdá 7 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ di iná, àmọ́ àwọ̀ tí wọ́n lò ní irin ruthenium nínú, ó wọ́n. Ìpele funfun tiwọn nípọn tó máíkírómítà 10 (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan), hóró rẹ̀ sì jẹ́ nánómítà díẹ̀ péré (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú máíkírómítà kan). Mo rí nọ́ńbà méjèèjì yìí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà nípa iṣẹ́ wọn, mi ò sì dúró lórí wọn.

Iṣẹ́ 1: Gíláàsì

Mo ra ègé mẹ́wàá, 2.5 cm ní ìbú àti òró, irú tí wọ́n ń pè ní ITO (indium tin oxide ló ń gbé iná lójú rẹ̀), ₦31,000 pẹ̀lú owó tí wọ́n fi gbé e wá láti Ṣáínà. Mítà mi ka ohm 14 láti etí kan sí èkejì (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), mo ní ó dára. Mo kùn ún, mo yan án ní digrí 450, mo parí gbogbo tó kù, mo gbé e sójú oòrùn: 0.38 V, 0.2 mA. Mo ṣe èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà.

Níbi yìí ni mo ti ṣìnà. Mo rò pé àwọ̀ ni kò tó. Mo se ìṣápá kó ki, mo tún un sè, mo fi làálì dán an wò, mo fi osùn dán an wò. Kò sí èyí tó kọjá 0.3 mA.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísìrì. Mo gbé sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lọ bá wọn nínú ike búrẹ́dì. Wọn ò tiẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi èékánná ha etí gíláàsì níbi tí kò sí ọ̀dà, wọ́n ní:

"Ṣé o fi mítà wo gíláàsì yìí lẹ́yìn tó kúrò lórí iná?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kí n tó yan án ni mo wò ó."

"Gbé mítà rẹ wá."

Ohm 96. Èyí tó jẹ́ 14 tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo èkejì: 88. Gíláàsì ITO kì í fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ nínú atẹ́gùn; ohun tó ń gbé iná lójú rẹ̀ á bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú kò ní rí nǹkan kan, á ṣì mọ́ gaara. FTO (tin oxide tó ní fluorine nínú ló ń gbé iná lójú tirẹ̀) ni wọ́n ní kí n wá. Mo rà ogún ègé, ₦68,000. Kí n tó yan án: ohm 13. Lẹ́yìn yíyan: 14.

Tí ẹ bá ra gíláàsì, ẹ kọ́kọ́ yan ègé kan lófìfo ní digrí 450 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tutù, kí ẹ wá fi mítà wò ó kí ẹ tó fi ohunkóhun kùn ún. Ẹ tún rántí pé ojú kan ṣoṣo ló ń gbé iná: ojú tí mítà bá ka nọ́ńbà lórí rẹ̀ ni. Mo ń fi ọṣẹ olómi fọ̀ ọ́, mo ń fi omi ṣàn án, mo ń fi spírítì nù ún, lẹ́yìn náà etí ni mo ti ń dì í mú. Níbi tí ìka bá kàn, ìpele funfun á ṣí kúrò níbẹ̀ bí ìpẹ́.

Iṣẹ́ 2: Ìyẹ̀fun funfun

Pẹ̀lú FTO, 0.2 mA di 0.5 mA. Ó sàn, kò tíì dára.

Tàìténíọ̀mù tí mo ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọ̀dà ilé ni mo ti rà á, ìlàjì kílò ₦4,500. Ó funfun kọjá ohun tí mo lè fi wé, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀. Ọ̀dà ilé ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, kó lè bo ògiri. Hóró rẹ̀ tóbi, bíi nánómítà 200 sí 300, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà lára rẹ̀. Ohun tí èmi nílò ni hóró kéékèèké tí àyè púpọ̀ wà lára wọn fún àwọ̀ láti rọ̀ mọ́.

Mo ra P25, ìyẹ̀fun tàìténíọ̀mù tí hóró rẹ̀ kéré gan-an, 100 g, ₦24,000. Hóró rẹ̀ jẹ́ bíi nánómítà 21, ojú gbogbo hóró inú gíráàmù kan ṣoṣo tó mítà onígun mẹ́rin 50. Ilé oníyàrá méjì lẹ kó sórí ṣíbí yẹn.

Mo kùn gíláàsì kan pẹ̀lú ti ọ̀dà, mo kùn èkejì pẹ̀lú P25, mo rì wọ́n sínú abọ́ ìṣápá kan náà di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo gbé wọn jáde tí mo fi omi ṣàn wọ́n, ti ọ̀dà pọ́n ráńpẹ́, bí aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ mọ́ aṣọ pupa. Ti P25 kò pọ́n rárá. Àwọ̀ àlùkò ló ní, ó dúdú débi pé mi ò rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tó wà nínú abọ́ ṣì pupa bíi tàná, àmọ́ èyí tó di ara tàìténíọ̀mù mú ti di àlùkò. Ìyípadà yẹn ni àmì pé ó ti so mọ́ ọn ní tòótọ́, pé kì í ṣe pé ó kàn rin ín. Ara mi yá gágá láàárọ̀ yẹn. Mo pe màmá mi wá wò ó, wọ́n sì bi mí bóyá ó ṣì ṣe é mu.

Bí mo ṣe ń pò ó nìyí:

P25 6 g nínú odó tánganran kékeré. Fíníga tí mo là mọ́ omi títí bébà ìdánwò fi fi pH 3 sí 4 hàn, 12 mL. Mílílítà kan ni mo ń bù sí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń lọ̀ ọ́ kí n tó bu òmíràn. Gbogbo rẹ̀ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 40. Ọjọ́ tí mo kánjú da gbogbo omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣù, kò sì sí iye ìgbà tí mo lọ̀ ọ́ tí ìṣù náà tú. Tó bá ti jọ ògì tí wọ́n pò sílẹ̀ de omi gbígbóná, tí kò ṣàn jù tí kò sì ki jù, ó ti tó. Ní ìparí, ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan, ẹ rọra rò ó kó má baà hó.

Ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń wọn ìyẹ̀fun yìí. Ó fẹ́lẹ́ ju eruku ọyẹ́ lọ, kò sì yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ 3: Kíkùn, àti bí ó ṣe yẹ kó nípọn tó

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ yìí wà.

Sẹ́lótéèpù ni mo fi ń díwọ̀n. Mo lẹ ìpele mẹ́wàá lé ara wọn, mo fi kálípà wọ̀n ọ́n: 0.42 mm. Nítorí náà ẹyọ kan jẹ́ 0.042 mm. Mo ń lẹ̀ ẹ́ yí gíláàsì ká kí àyè 1.5 cm sí 2 cm ṣẹ́ kù láàárín, mo ń kán àpòpọ̀ náà sí òkè, mo sì ń fi ọ̀pá gíláàsì fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì padà sókè. Tí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà á hàn lára rẹ̀. Ìpele tí yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí omi bá ti jáde kéré sí sẹ́lótéèpù gan-an.

Mo rò pé bí ó bá ṣe nípọn tó ni àwọ̀ á ṣe pọ̀ tó, bí àwọ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni iná á ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà mo lẹ tẹ́ẹ̀pù mẹ́ta lé ara wọn, mo kùn ún gbọngbọn. Bó ṣe ń gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là bí ẹrẹ̀ etí odò nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo yan án, igun mẹ́ta ṣí kúrò. Mo ṣì parí rẹ̀ kí n lè rí nọ́ńbà rẹ̀: 0.31 V, 0.9 mA. Níbi tó ti là, omi áyódíìnì ti bá gíláàsì pàdé ní tààrà, iná tí ìbá jáde sínú wáyà sì ń padà sínú omi.

Ohun méjì ló tún un ṣe.

Èkíní, macrogol, oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, èyí tí kò ní iyọ̀ nínú. Mo pò 0.6 g mọ́ àpòpọ̀ tí mo sọ lókè yẹn. Ó ń di hóró mú kó má baà là nígbà tó bá ń gbẹ, tí iná bá sì dé, á jó dànù, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí omi áyódíìnì máa gbà wọlé. Mo tún ń fi abọ́ dé e fún ogún ìṣẹ́jú kí ó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Èkejì, mo dẹ́kun kíkùn ìpele púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ẹ̀pù kan, kùn, gbẹ, yan. Tó bá tutù, tẹ́ẹ̀pù kan sí i, kùn, gbẹ, yan.

Yíyan fúnra rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Sitóòfù èédú ni mo kọ́kọ́ lò. Ooru rẹ̀ kò dọ́gba, ègé méjì fọ́ sí méjì, èéfín sì kùn ẹ̀yìn wọn. Mo ra sitóòfù oníná tó ní wáyà róbótó, ₦11,000, mo fi páànù bò ó, mo sì fi wáyà ooru mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ó gba ìṣẹ́jú 25 kó tó dé 450. Mo ń jókòó tì í nítorí ohun tí ojú ń rí níbẹ̀: ìpele funfun náà á kọ́kọ́ di àwọ̀ búráùn bí àkàrà tó ń pọ́n, ìyẹn ọṣẹ àti macrogol ló ń jó, á rí bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun padà láti etí wọ àárín. Tí kò bá tíì funfun tán, ẹ má pa á. Lẹ́yìn tó bá funfun, mo ń kà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo pa iná, mi ò sì ṣí páànù títí á fi tutù fúnra rẹ̀. Gíláàsì tí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí lójijì á sán.

Nígbà tí mo ti mọ̀ ọ́n kùn, mo ṣe mẹ́rin kí n lè fi wọ́n wé ara wọn, ìṣápá kan náà, omi áyódíìnì kan náà, ọ̀sán kan náà:

Tẹ́ẹ̀pù 1: 0.42 V, 1.7 mA.
Tẹ́ẹ̀pù 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo yan: 0.40 V, 2.7 mA.
Tẹ́ẹ̀pù 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo yan: 0.37 V, 2.4 mA.
Tẹ́ẹ̀pù 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo yan: 0.34 V, 1.8 mA.

Ẹ wò ó dáadáa. Tẹ́ẹ̀pù mẹ́rin ló dúdú jù, òun ló mu àwọ̀ jù, síbẹ̀ iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti tẹ́ẹ̀pù kan lọ. Àwọ̀ tó wà lókè ìpele yẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tó wà láàárín rẹ̀ àti gíláàsì ti gùn jù. Kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó rìn ín tán, á ti pàdé áyódíìnì lójú ọ̀nà, á sì bá a lọ. Fọ́ltéèjì náà ń wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi ìpele kún un, nítorí bí ojú bá ṣe pọ̀ sí i, ibi tí iná ń gbà jò náà ń pọ̀ sí i ni. Ọjọ́ yẹn ni mo padà lọ ka máíkírómítà 10 ti ọdún 1991, tó sì yé mi pé ẹni tó yan nọ́ńbà yẹn ti wọn nǹkan méjì lórí òṣùwọ̀n kan.

Iṣẹ́ 4: Àwọ̀

Ìṣápá pupa ni o, kì í ṣe funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Funfun kò ní àwọ̀ tí a ń wá. 20 g tó gbẹ, omi 150 mL tó gbóná tí kò hó, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ kó lè máa pọ́n, wákàtí méjì, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sè é lórí iná tó ń hó rí: àwọ̀ rẹ̀ ṣá, iná rẹ̀ wálẹ̀. Mo ń gbé gíláàsì sínú rẹ̀ nígbà tí gíláàsì náà ṣì gbóná, bíi digrí 80, kí ọ̀rinrin atẹ́gùn má baà ṣáájú àwọ̀ dé ibi tó yẹ kó rọ̀ mọ́. Wákàtí 14.

Nígbà tí ìpele funfun ti dára, mo padà sí àwọn àwọ̀ yòókù kí n lè ṣe ìdájọ́ wọn bó ṣe tọ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mú 0.6 mA wá. Àwọ̀ ewé kì í so mọ́ tàìténíọ̀mù dáadáa, nígbà tí mo fi omi ṣàn án, púpọ̀ nínú rẹ̀ bá omi lọ. Osùn kì í yọ́ nínú omi, spírítì ni mo fi yọ ọ́, ó mú 0.9 mA wá. Ìṣápá ṣì ni ọ̀gá wọn.

Iṣẹ́ 5: Èédú

Pẹ́ńsùlù 6B ni mo kọ́kọ́ fi kùn gíláàsì kejì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́lẹ́. Èéfín àbẹ́là dára jù ú lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí omi áyódíìnì bá kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Ohun tó dúró ni pé mo ya ọ̀pá èédú jáde láti inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ èéfín àbẹ́là ní mẹ́rin sí ẹyọ kan, mo sì fi àpòpọ̀ P25 díẹ̀ sí i kó lè dì. Mo kùn ún, mo yan án ní digrí 400 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, nítorí tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èédú á jó dànù. Ìyẹn ni mo lò fún àwọn nọ́ńbà tẹ́ẹ̀pù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè.

Iṣẹ́ 6: Omi áyódíìnì

Mo kọ́kọ́ ra povidone, oògùn ojú egbò, ₦1,800. Kò ṣiṣẹ́ rárá. Áyódíìnì inú rẹ̀ so mọ́ nǹkan mìíràn, omi sì pọ̀ níbẹ̀, omi sì ń tú àwọ̀ kúrò lára tàìténíọ̀mù.

Fún 10 mL, èyí tó ṣiṣẹ́: pọ̀tásíọ̀mù áyódáìdì 0.83 g, áyódíìnì 0.127 g, nínú ethylene glycol. Ojota, l'Ékòó, ni mo ti rà wọ́n. Ẹ má lo omi kúláǹtì ọkọ̀ dípò rẹ̀, wọ́n ti po nǹkan púpọ̀ mọ́ ìyẹn. Ethylene glycol dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò, mo sì tì í pa mọ́ inú àpótí, nítorí àwọn ọmọdé ń wọlé wọ̀de níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Mo dán an wò kí áyódíìnì jẹ́ ìlọ́po méjì. Kọ́ráǹtì wálẹ̀ láti 2.7 sí 2.3. Omi náà ti dúdú débi pé òun fúnra rẹ̀ ń gba lára ìmọ́lẹ̀, ẹni tó ń dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dúró lójú ọ̀nà sì ti pọ̀ sí i. Mo dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ 7: Ìpele kan tí ojú kò rí

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló tún sọ èyí fún mi. Ìpele funfun kún fún ihò, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ihò yẹn dé orí gíláàsì, áyódíìnì sì ń gba ibẹ̀ jí iná. Wọ́n fún mi ní titanium isopropoxide 5 mL, omi kan tó ń di ìpele tàìténíọ̀mù tí a bá yan án. Mo po díẹ̀ mọ́ ọtí ethanol tó gbẹ, mo kán an sórí FTO lófìfo, mo dà á nù kó lè ṣẹ́ ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo yan án ní 450. Ojú kò rí nǹkan kan àfi dídán bí epo lórí omi tí ẹ bá gbé e dábùú ìmọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo wá kùn tẹ́ẹ̀pù méjì lé.

0.40 V di 0.45 V. 2.7 mA di 2.9 mA.

Mo ṣe é nígbà kejì, mo jẹ́ kí ìpele yìí nípọn, kọ́ráǹtì já sí 1.6. Tó bá nípọn, òun náà á di ìdènà. Tí ẹ kò bá sì rí ọtí tó gbẹ, ẹ fi iṣẹ́ 7 sílẹ̀: omi díẹ̀ tó wà nínú ọtí mi lákọ̀ọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di funfun bí wàrà nínú ife.

Iṣẹ́ 8: Ìdíwọ̀n

Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní ni mo ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọyẹ́ sì wà lójú ọ̀run. Ọjọ́ kan sẹ́ẹ̀lì mi mú 2.6 wá, lọ́jọ́ kejì 1.9, mo sì fẹ́ tú u palẹ̀ kí n tó rántí pé oòrùn fúnra rẹ̀ lè ti dín kù. Látìgbà náà, mo ń gbé sólà sílíkọ̀n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ó ń mú bíi 100 mA wá. Lọ́jọ́ ọyẹ́ líle ó ti mú 71 wá rí. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ síbí, ìgbà tó wà láàárín 98 sí 102 ni mo gbà á.

Fún sẹ́ẹ̀lì tó dára jù, mo so potentiometer 10 kΩ (ohun tí a ń yí láti fi dí iná lọ́nà díẹ̀ tàbí púpọ̀) mọ́ ọn, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ fọ́ltéèjì àti kọ́ráǹtì. Ibi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù ni 0.29 V àti 2.1 mA, ìyẹn 0.61 mW. Ojú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ 3 cm². Tí a bá ka oòrùn ọ̀sán gangan sí 100 mW lórí cm² kan, ó ń lo ìdá 0.2 nínú 100. Ó kéré, mo mọ̀, àmọ́ ìlọ́po mẹ́rìnlá kọ́ráǹtì tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Owó

ITO ₦31,000, FTO ₦68,000, tàìténíọ̀mù ọ̀dà ₦4,500, P25 ₦24,000, áyódíìnì àti áyódáìdì ₦27,000, ethylene glycol ₦5,500, povidone ₦1,800, macrogol ₦6,000, mítà tó ní wáyà ooru ₦14,500, sitóòfù ₦11,000, ìṣápá, fíníga, ọsàn, pẹ́ńsùlù, tẹ́ẹ̀pù, kílíìpù àti wáyà ₦9,500. Àpapọ̀ ₦202,800. Nínú rẹ̀, ₦37,300 ló bá ITO, ọ̀dà àti povidone lọ. Ẹni tó bá tẹ̀lé àkọsílẹ̀ yìí kò ní san ìyẹn. P25 tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi ṣì máa ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́ẹ̀lì.

Ibi tó dé báyìí

Mo so mẹ́rin pọ̀ ní ìtẹ̀léra: 1.74 V. Mo yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré, mo so wáyà méjèèjì mọ́ ibi tí bátìrì ti ń wọlé. Odo yọ lójú rẹ̀. Àbúrò mi tẹ 7 lọ́nà 8, 56 jáde, ó fi ọwọ́ bo sẹ́ẹ̀lì náà, 56 ṣá lọ, ó gbé ọwọ́ kúrò, odo padà yọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá.

Kò tíì pẹ́ láyé o. Sẹ́ẹ̀lì tó mú 2.9 mA wá lọ́jọ́ kìíní mú 2.1 wá lọ́jọ́ kẹrin, 1.2 lọ́jọ́ kẹsàn-án. Etí rẹ̀ ti ń di búráùn, ìhó atẹ́gùn sì wà láàárín gíláàsì méjèèjì. Mo ṣí kílíìpù rẹ̀, mo kán omi áyódíìnì tuntun sí i: ó gòkè sí 1.9. Nítorí náà, nínú 1.7 mA tó sọnù, 0.7 jẹ́ ti omi tó gbẹ tàbí tó jò, 1.0 tó kù jẹ́ ti àwọ̀ fúnra rẹ̀ tí oòrùn ti pa.

Èyí tí mo ń ṣe lọ́wọ́ ni dídí etí. Mo ti fi gọ́ọ̀mù alápá méjì, irú tí a ń pò pọ̀ kí a tó lò ó, dí sẹ́ẹ̀lì kan yí ká, mo fi ihò kan sílẹ̀ láti fi abẹ́rẹ́ fa omi sínú rẹ̀, mo sì dí ìyẹn náà. Òní ni ọjọ́ kẹfà rẹ̀: 2.4 mA.